Aago Mélòó Lẹ Ń Ti Ṣọ́ọ̀bù?

Ìkọ́kọrẹ́ àti ẹ̀bà tútù ló wà níwájú mi nílé ní Ìgbógbó, lálẹ́ Sátidé kan, ni fóònù bá dún. Oníbàárà mi ní New York, tí mo ń bá tọ́jú ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì, ni: owó ò wọlé mọ́ lórí ìkànnì wọn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, mẹ́jọ alẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Kí n tó padà sídìí oúnjẹ, epo ti dì lórí ìkọ́kọrẹ́, ọmọ tó ń dúró kí n wo iṣẹ́ àṣetiléwá òun sì ti sùn lọ lórí àga, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́.

N kò lẹ́jọ́ bá oníbàárà rò. Kò síbi tí àdéhùn wa ti sọ pé mo ń ti ṣọ́ọ̀bù rárá.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú máa ń bi mí pé wákàtí mélòó ló pọ̀ jù. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, sọ pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ju fún ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Wọn ò tíì ka gosiló Mile 12 mọ́ ọn o.

Àmọ́ ohun tó ń jẹ wá run jù ni ìṣọ́, èyí tí àwa ń pè ní on-call: kí èèyàn máa múra sílẹ̀ de ìpè. Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ ò lè lọ sóde ìgbéyàwó. Ẹ̀ ń yọjú wo epo inú jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ lèyí náà, owó ló yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ẹ má gbójú lé òfin. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ́yìn oṣù 12, ṣùgbọ́n kò ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ bíi tiwa mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń sọ. Ìwé àdéhùn yín nìkan ni ògiri yín.

Ẹ kọ wákàtí yín síbẹ̀ ní aago Nàìjíríà. Amẹ́ríkà máa ń yí aago padà ní oṣù kọkànlá. Ìpàdé aago mẹ́jọ alẹ́ á kàn di mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bu owó lé ìpè alẹ́. Ìlọ́po méjì ni tèmi. Ó pa mí lẹ́rìn-ín bí ọ̀pọ̀ "kíákíá" ṣe wá ń lè dúró di àárọ̀.

Ẹni tó ń gba owó oṣù ò lè dá iye lé ọ̀gá, mo mọ̀. Ẹ ní kí ìṣọ́ máa yípo láàárín yín, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ìpè alẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí, títí ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jíròrò owó oṣù.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí New York rèé: "Aago 10 àárọ̀ sí 7 alẹ́, aago Nàìjíríà, Mọ́ńdè sí Fúráídè. Bí owó ò bá wọlé, ẹ pè mí nígbàkúùgbà, ní ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ àwọ̀ bọ́tìnì ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ de Mọ́ńdè."

Wọ́n fèsì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin: "Kò burú."