Ìtàn Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìndínlọ́gbọ̀n ti North Carolina

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ní àgọ́ ológun kan tí wọ́n ń pè ní Camp Crabtree lẹ́bàá ìlú Raleigh, ni wọ́n ti da ọ̀wọ́ mẹ́wàá pọ̀ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ti ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ tirẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ọ̀wọ́ kan láti agbègbè Caldwell ní ìpínlẹ̀ náà ń jẹ́ Hibriten Guards, ọ̀kan láti Chatham ń jẹ́ Chatham Boys, ti Anson sì ń jẹ́ Pee Dee Wild Cats. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, àna àti ọ̀rẹ́ àdúgbò ni ó fi orúkọ sílẹ̀ pa pọ̀, tí wọ́n sì jọ ń sùn nínú àgọ́ kan náà. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn kò ní mọ bí òfò tí ó dé bá wọn lẹ́yìn náà ti tó.

Ọ̀rọ̀ ẹrú ni ó dá ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí wọ́n lọ jà náà sílẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 1860, ó lé ní 331,000 ẹrú tí ó wà ní North Carolina, nínú olùgbé tí gbogbo wọn kò pé mílíọ̀nù kan. Nígbà tí Abraham Lincoln, tí ó lòdì sí kí oko ẹrú tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun, wọlé ìbò ààrẹ, àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan láti dá ìjọba tiwọn, Confederacy, sílẹ̀. North Carolina kọ́kọ́ lọ́ra, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìbọn ti dún ní Fort Sumter, odi ológun kan ní South Carolina, tí Lincoln sì ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó ọmọ ogun wá, òun náà ya kúrò ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1861. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun tí ó wá láti agbègbè olókè kò ní ẹrú kankan, ilé bàbá wọn ni wọ́n sì rò pé àwọn ń gbèjà. Síbẹ̀ ìjọba tí wọ́n gbé ìbọn fún, orí ẹrú ni ó dúró lé, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgboyà wọn bo èyí mọ́lẹ̀.

Zebulon Vance, tí ó ti jẹ́ aṣòfin ní Washington tí kò sì kọ́kọ́ fẹ́ kí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ya kúrò, ni kọ́nẹ́ẹ̀lì wọn àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa iṣẹ́ ogun púpọ̀. Igbákejì rẹ̀, Henry King Burgwyn, ni ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún 19 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ológun ti Virginia, ìdílé rẹ̀ sì jẹ́ olóko ńlá tí ó ní ẹrú púpọ̀. Ó le koko débi pé àwọn ọmọ ogun kórìíra rẹ̀. Ní ìlú New Bern ní North Carolina, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1862, ni ọkàn wọn yí padà sí i. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìhà Lincoln, borí níbẹ̀, afárá tí wọn ì bá gbà sá ti jóná, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ni wọ́n sì fi ń kó wọn kọjá odò Brice's Creek ní díẹ̀díẹ̀. Burgwyn dúró létí omi títí gbogbo wọn fi kọjá.

Ní ìgbà ìrúwé yẹn kan náà ni Keith Blalock wọ ọ̀wọ́ àwọn ará Caldwell pẹ̀lú ẹnì kan tí ó pè ní àbúrò rẹ̀, Sam. Aya rẹ̀ Malinda ni, tí ó gé irun tí ó sì wọ ṣòkòtò. Keith, tí kò fẹ́ràn Confederacy, fi ewé olóró ra ara títí awọ ara rẹ̀ fi wú, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Nígbà náà ni Malinda jẹ́wọ́ pé obìnrin ni òun. Nígbẹ̀yìn, ìhà ìjọba àpapọ̀ ni àwọn méjèèjì jà fún lórí òkè.

Lẹ́yìn ìjà Malvern Hill ní Virginia ní oṣù keje ọdún 1862, Vance wọlé ìbò gómìnà, Burgwyn sì di kọ́nẹ́ẹ̀lì ní ọmọ ọdún 20. Ọ̀gágun Robert Ransom, tí ẹgbẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lọ sábẹ́ ọ̀gágun mìíràn, Johnston Pettigrew.

Lábẹ́ Pettigrew ni wọ́n dé Gettysburg ní Pennsylvania. Ní ọ̀sán ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1863, àwọn tí ó lé ní 800 la oko kọjá, wọ́n sọdá odò Willoughby Run, wọ́n sì wọ inú igbó tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kẹrìnlélógún ti Michigan, tí ń dé fìlà dúdú, ti ń dúró dè wọ́n. Níkẹyìn, ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ péré ni ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá gbé àsíá ni ọta ń kọ́kọ́ bá, wọ́n sì ní ẹni mẹ́rìnlá ni ó ṣubú lábẹ́ rẹ̀ kí ìjà tó parí. Burgwyn fúnra rẹ̀ gbé e, ọta sì wọ ìhà rẹ̀, ó yí i po, àsíá sì wé mọ́ ọn lára bí ó ti ń ṣubú. Ó kú ní ọmọ ọdún 21. John Lane, àgbẹ̀ láti Chatham tí ó ti ipò ọmọ ogun lásán dìde di igbákejì, gba àsíá náà. Bí ó ti yíjú wo ẹ̀yìn bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé òun, ọta gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wọlé, ó sì gba ẹnu jáde.

Wọ́n gba igbó náà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn onífèrè wọn, ọmọ ìjọ Moravian láti ìlú Salem, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, gba àṣẹ pé kí wọ́n fọn fèrè fún àwọn ọmọ ogun tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn tí ó kù tún gba pápá gbalasa lọ bá ìbọn ńlá àwọn ọ̀tá ní Cemetery Ridge, òkè kan ní Gettysburg. Ọmọ ogun méjì gbé àsíá dé ibi ògiri òkúta, àwọn ọ̀tá sì mú wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ara wọn, kò tó 100 tí ara wọn dá. Nínú ẹni 91 tí ó wà ní ọ̀wọ́ Hibriten Guards, kò sí ẹyọ kan tí kò kú tàbí tí kò fara gbọgbẹ́, ìbejì sì wà nínú wọn. Àdúgbò kan ṣoṣo ni gbogbo ìròyìn ikú bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó kó ẹṣin àti ẹrù Burgwyn padà sílé ni Kincian, ẹrú ìdílé rẹ̀ tí ó bá a lọ sójú ogun. Àwọn tí ó sọ ìtàn náà sọ ọ́ bí ẹ̀rí ìfẹ́ ẹrú sí olówó rẹ̀. N kò lè gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí òfin kà sí dúkìá kò ní ààyè láti sọ tinú rẹ̀.

Wọ́n tún kó ọmọ ogun tuntun jọ, Lane sì padà wá di kọ́nẹ́ẹ̀lì. Wọ́n jà ní Bristoe Station, nínú igbó Wilderness àti yíká Petersburg. Ní Appomattox ní Virginia, níbi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Confederacy tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ti túúbá ní oṣù kẹrin ọdún 1865, nǹkan bí ẹni 120 ni ó ṣẹ́ kù láti fi ohun ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 1903, Lane padà sí Gettysburg, ó sì bọ Charles McConnell lọ́wọ́, ọmọ ogun Michigan tí wọ́n gbà pé òun ni ó yìnbọn lù ú nínú igbó yẹn.