Ìbátan Wèrèpè Tó Ń Sọ Ilẹ̀ Dọ̀tun

Ilẹ̀ tó ti ṣá kì í fara pamọ́. Ewé àgbàdo orí rẹ̀ á pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ẹ̀kan á sì gba oko. Gbòǹgbò ẹ̀kan mú débi pé ó lè gún iṣu já. Bí ọkọ́ bá gé e sí mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa hù.

Láyé àtijọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Mono, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, èrò ti pọ̀, ilẹ̀ kò ráyè sinmi mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ àti olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin mucuna ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọmọ ìyá ni òun àti wèrèpè, àmọ́ èyí tí wọ́n ń gbìn kò ní irun tó ń yúnni lára.

Bí àgbàdo àkọ́rọ̀ òjò bá ti pé nǹkan bí 40 sí 45 ọjọ́, wọ́n á gbin mucuna sáàárín rẹ̀. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀, á gun àgbàdo, á fà á lulẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, oko di tirẹ̀. Á nà, á ta, á bo ilẹ̀ títí oòrùn kò fi ní kan án. Ẹ̀kan kì í fara da òjìji, bó ṣe máa rọ nìyẹn.

Abẹ́ ilẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ rọra hú ìdí kan, ẹ ó rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: bí inú rẹ̀ bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tí wọ́n fi fọ ẹran, ó ń ṣiṣẹ́. Bakitéríà inú rẹ̀ ń mú nitrogen látinú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ ewéko, èròjà kan náà tí àgbẹ̀ ń fowó rà nínú àpò yúríà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mucuna á kú fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ á tẹ́ bí ẹní. Ẹ má ṣe sun ún o! Iná ọyẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti ba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà jẹ́. Inú ewé gbígbẹ yẹn ni wọ́n ń gbin àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ sí. Bó ṣe ń jẹrà ló ń bọ́ ọ, tó sì ń dá omi òjò dúró fún un.

Ìnira rẹ̀ ni pé ó ń gba oko ní gbogbo àrọ̀kúrò, èso rẹ̀ kò sì ṣeé sè jẹ bí ẹ̀wà. Èròjà L-dopa, tí wọ́n fi ń ṣe oògùn àìsàn Parkinson tó ń mú ara gbọ̀n, pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ó lè ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá. Ó tún nira fún ẹni tó háyà ilẹ̀, nítorí onílẹ̀ lè gbà á padà gẹ́rẹ́ tí ọ̀rá rẹ̀ bá dé. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré lè pín in sọ́nà mẹ́ta, kó máa gbin mucuna sí ìdá kan lọ́dún. Kó sì ranti pé mucuna kì í dá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà mìíràn tí irúgbìn nílò: èyí tó bá ti tán nínú ilẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ajílẹ̀ ló máa dá a padà.