Ẹ yé bu tínà la ọ̀dà torí kí ìlà ara gìtá lè hàn

Bí onígìtá bá ti ní òun fẹ́ kí gìtá òun pọ́n, tàbí kó ní àwọ̀ búlúù, kí ìlà ara igi sì ṣì máa hàn, ìmọ̀ràn kan náà ni wọn yóò fún un: ra ọ̀dà, bu tínà là á dáadáa, kí o wá kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Káfíńtà ń sọ ọ́, àwọn tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ń gbé e kiri. Ó máa ń bí mi nínú, torí gìtá tó dára ni ìmọ̀ràn yìí ń bàjẹ́.

Kí ló wà nínú agolo ọ̀dà? Ẹ̀tù àwọ̀ lúbúlúbú ni, èyí tí kò yọ́, tó kàn wà káàkiri inú oje tó máa ń gan mọ́ igi bó bá gbẹ. Ẹ̀tù yẹn ni kì í jẹ́ kí ojú ríran kọjá. Iṣẹ́ tínà kò ju kó jẹ́ kí ọ̀dà ṣàn lọ. Bí ẹ bá ti kùn ún tán, tínà á bá afẹ́fẹ́ lọ. Òórùn tó ń gba gbogbo ilé yẹn, òun gan-an ló ń lọ. Kí ló wá kù lára igi? Ẹ̀tù náà ni, pẹ̀lú oje tó dì í mú, bí wọ́n sì ṣe pọ̀ sí ara wọn nínú agolo náà ni wọ́n ṣe pọ̀ sí ara wọn lórí igi. Tínà kò mú ìkankan kúrò nínú ẹ̀tù yẹn.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé nígbà tí ọ̀dà àkọ́kọ́ bá ṣì tutù, ìlà igi máa ń hàn lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Inú wọn á dùn. Bó bá gbẹ, ibì kan á ki, ibì kan á fẹ́lẹ́, ìlà igi á ṣú bàìbàì. Wọ́n á tún un kùn kó lè dọ́gba, ìlà igi parí nìyẹn.

Àwọ̀ tó yọ́ pátápátá nínú omi tàbí sípíríìtì ni ẹ nílò. Ẹ rẹ kíjìpá láró, ẹ ó ṣì máa rí bí wọ́n ṣe hun ún. Bẹ́ẹ̀ ni irú àwọ̀ yìí ṣe ń ṣe sí igi. Irú rẹ̀ ni pupa tí Gibson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, fín sí etí gìtá Les Paul wọn láàárín 1958 sí 1960. Ìmọ́lẹ̀ ti jẹ pupa náà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ìlà igi maple abẹ́ rẹ̀ ṣì hàn kedere. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá àwọ̀ tí ẹ fẹ́ rà lè fara da oòrùn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè mú gìtá Telecaster tí ilé iṣẹ́ Fender ṣe ní àwọn ọdún 1950 wá: ẹ̀tù ọ̀dà wà nínú àwọ̀ rẹ̀, ìlà igi ash sì ń hàn. Òótọ́ ni. Ẹ̀tù díẹ̀ nínú fáníìṣì púpọ̀ ló fà á, ihò ara igi ash sì tóbi. Nítorí náà n kò ní sọ pé ẹ̀tù ọ̀dà kò lè fi ìlà igi hàn láéláé. Bí ẹ bá fẹ́ kó fẹ́lẹ́, fáníìṣì aláìláwọ̀ tó bá ọ̀dà yẹn mu ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe tínà nìkan. Bóyá yóò dára tó bí ẹ ṣe fẹ́, ọwọ́ igi yín ló kù sí. Igi basswood kì í sábà ní ìlà tó pọ̀.

Àwọ̀ tó yọ́ náà kò sì lè wọ igi tí fáníìṣì ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ kán omi sí i: bó bá dúró róbótó, igi ò tíì ṣí. Bí gìtá yín bá dúdú kirikiri láti ilé iṣẹ́, ẹ má retí púpọ̀. Ó lè jẹ́ igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ha fáníìṣì náà kúrò, ẹ fi sípíríìtì nù ún kí ẹ tó ra àwọ̀ kankan. Bí ìlà rẹ̀ ṣe hàn nígbà tó tutù yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa sún mọ́ ohun tí ẹ ó rí lábẹ́ fáníìṣì.

Gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo ńkọ́? Ẹ rọra. Pákó iwájú rẹ̀ kì í sábà nípọn ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta lọ, sáńpépà lè ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Ẹ bo imú yín bí ẹ bá ń ha fáníìṣì, ẹ má sì lo tínà nítòsí iná. Bó bá jẹ́ òróró linseed ni ẹ fi parí rẹ̀, ẹ tẹ́ àkísà tí ẹ lò síta kó gbẹ. Bí ẹ bá ká a jọ sínú ike, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.