Bí Dòjé Orí Ọ̀pá Ṣe Gba Iṣẹ́ Ọ̀pẹ Kíkọ Lọ́wọ́ Igbà

Ọ̀pẹ kì í ya ẹ̀ka. Ẹyìn rẹ̀, imọ̀ rẹ̀ àti màrìwò rẹ̀, orí téńté ni ó kó gbogbo wọn jọ sí, ìdí abájọ nìyí tí iṣẹ́ ọ̀pẹ fi jẹ́ iṣẹ́ òkè láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìdì ẹyìn a sì máa há sí àárín ara igi àti ìdí imọ̀ tí ó gbé e dúró, débi pé ẹni tí yóò bá kọ ẹyìn ní láti kọ́kọ́ gé imọ̀ abẹ́ rẹ̀ kúrò kí irin tó ráyè dé ibi tí ìdì náà ti so mọ́ igi. Nítorí náà, ẹyìn kíkọ àti imọ̀ gígé kì í ṣe iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ akọpẹ. Irinṣẹ́ tí ó sọ iṣẹ́ náà di ohun tí ènìyàn lè dúró sórí ilẹ̀ ṣe ni dòjé tí wọ́n so mọ́ orí ọ̀pá gígùn. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, níbi tí ọ̀pẹ ti ṣẹ̀, ni ó ti di ọ̀gá irinṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀pẹ, bí kò ṣe ilẹ̀ Màláyà, tí ó wà lára Màléṣíà òde òní, àti erékùṣù Sumatra ní Indonéṣíà, níbi tí ọ̀pẹ ti jẹ́ àlejò.

Igbà ni àwa mọ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Okùn líle ni, tí wọ́n fi fọ́nrán igi lọ́ pọ̀. Akọpẹ á gbé e yí ara igi àti ẹ̀yìn ìbàdí ara rẹ̀ ká, á ta kókó rẹ̀, á fi ẹ̀yìn tì í títí yóò fi le dáadáa, á wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ara igi. Bí ó bá fẹ́ gòkè, á fa ara mọ́ igi díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, á jù ú sókè, á tún fi ẹ̀yìn tì í, á sì gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ó bá dé òkè, igbà ló gbé e dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún àáké tàbí àdá. Okùn yìí kò ka gíga ọ̀pẹ sí rárá. Ọ̀pẹ inú igbó lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ó sì ga ju mítà 20 lọ, síbẹ̀ bí akọpẹ bá ṣì ní agbára, ẹyìn orí rẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ ẹyẹ. Àkókò ni igbà ń jẹ, nítorí pé ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ni a ó gùn dé òkè, tí a ó sì sọ̀ kalẹ̀ kí a tó kan èkejì. Ti ẹ̀mí tí ó ń jẹ, kò sí abúlé ọlọ́pẹ tí kò mọ ohun tí ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí igbà bá já.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò ronú kan ọ̀pá gígùn. Ohun tí ọwọ́ kò bá tó, gọ̀ǹgọ̀ ni a fi ń fà á, a sì ti fi gọ̀ǹgọ̀ já ọsàn àti máńgòrò lórí igi láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí ìdì ẹyìn nípọn, ó sì kún fún fọ́nrán. Gọ̀ǹgọ̀ tí ń fa èso já kò lè rí nǹkan kan ṣe sí i. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pẹ wa kì í ṣe ohun tí a gbìn ní ìlà. Ó hù síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú igbó àti nínú oko iṣu, òmíràn ga, òmíràn kúrú, igbó sì yí wọn ká débi pé ẹni tí ó bá gbé ọ̀pá mítà mẹ́wàá kò ní ríbi yí i sí. Ìdílé tí ó ní ìwọ̀nba ọ̀pẹ kò nílò irinṣẹ́ tí yóò kọ ọgọ́rùn-ún ọ̀pẹ lọ́jọ́ kan. Àwọn imọ̀ tí akọpẹ ń gé sọ̀ kalẹ̀ pàápàá ní ẹni tí ń dúró dè wọ́n, fún òrùlé, fún ọgbà, fún ọwọ̀.

Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun náà ní ọwọ́ nínú bí igbà ṣe pẹ́ lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. William Lever, oníṣòwò ọṣẹ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ ìjọba amúnisìn léraléra pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí òun fi dá oko ọ̀pẹ ńlá sílẹ̀. Wọn kò gbà fún un ní Nàìjíríà, Gómìnà Hugh Clifford, tí ó wà lórí oyè láti 1919 sí 1925, sì wà lára àwọn tí wọ́n tako ọ̀rọ̀ náà jù lọ, nítorí ó gbà pé ọwọ́ àgbẹ̀ ìbílẹ̀ ló yẹ kí ilẹ̀ àti ọ̀pẹ wà. Kóńgò, tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni Lever gbà lọ ní 1911. Ní Dàhọ̀mì, Ọba Ghezo ti mú kí àwọn ènìyàn máa gbin ọ̀pẹ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Faransé sì dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní 1922 ní Pobè, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ òde òní. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àyíká yìí, ọ̀pẹ àgbẹ̀ ni ọ̀pẹ, ẹni tí ń gùn ún ló sì ń kọ ọ́.

Lọ́dún 1848, ọ̀dọ́ ọ̀pẹ mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sínú ọgbà ohun ọ̀gbìn ní Bogor, ní erékùṣù Java tí àwọn ará Hóláǹdì ń ṣàkóso nígbà náà. Irú wọn tàn dé agbègbè Deli ní Sumatra, níbi tí wọ́n ti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà nínú oko tábà fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ẹni tí ó kà á sí igi owó. Nígbà tí ó di 1911, Adrien Hallet, ará Bẹ́ljíọ̀mù, bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fún ìṣòwò ní Sumatra. Henri Fauconnier, ará Faransé tí ó tún padà wá gba ẹ̀bùn Goncourt fún ìwé kíkọ ní 1930, dá oko ọ̀pẹ Tennamaram sílẹ̀ ní Selangor, ní Màláyà, lọ́dún 1917.

Oko wọ̀nyí yàtọ̀ pátápátá sí igbó ọ̀pẹ wa. Nǹkan bí 140 ọ̀pẹ ló wà lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ní ìlà, gbogbo wọn ní ọjọ́ orí kan náà, ilẹ̀ abẹ́ wọn sì mọ́. Ẹni tí ń kọ ẹyìn gbọ́dọ̀ padà sídìí ọ̀pẹ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹyìn tí ó bá pọ́n kọjá ààlà á máa já bọ́ sílẹ̀, epo inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Àwọn Támílì tí wọ́n kó wá láti Íńdíà àti àwọn ará Java ni òṣìṣẹ́ oko, ọ̀pẹ gígùn kì í sì í ṣe iṣẹ́ baba wọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n gùn, kò sí bí àgùnsọ̀ ṣe lè dé ìdí ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀pẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oko ló bi irinṣẹ́ náà, nítorí oko ló kọ́kọ́ bi àìní rẹ̀.

Fún ọ̀pẹ tí kò tíì ga ju ènìyàn lọ púpọ̀, irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí a fi igi kúkúrú bọ̀ ni wọ́n ń lò, tí wọ́n á fi gún ìdí ìdì ẹyìn láti ìsàlẹ̀. Bí ọ̀pẹ bá ti ga kọjá nǹkan bí mítà mẹ́ta, gígún kò ní agbára mọ́. Fífà ló kù. Wọ́n wá so dòjé ńlá, tí ó tẹ̀ bí ìwọ̀, mọ́ orí ọparun gígùn. Àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n kọ ìwé nípa rẹ̀ pè é ní ọ̀bẹ Màláyà, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Irinṣẹ́ orí ọ̀pá kì í ṣe ohun tuntun láyé nígbà náà. Àwọn olùtọ́jú ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo irú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí okùn tí ń bọ̀ láti òkè fi ń pa ẹnu abẹ rẹ̀ dé mọ́ ẹ̀ka igi, àwọn tí ń ká àgbọn ní Sri Lanka náà sì ń so ọ̀bẹ mọ́ ọparun. (Ní Thailand àti ní Kelantan ní Màláyà, ọ̀bọ ni wọ́n kọ́ láti máa gun àgbọn, bí ọ̀bọ ṣe gbọ́n tó, kò lè ká ẹyìn.) Dòjé ọ̀pẹ kò ní okùn, kò sì ní ohun tí ń pa dé. Agbára rẹ̀ kò ju ẹnu mímú àti ìwúwo apá ẹni tí ó fà á.

Ẹni tí ó bá wo ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà á rí i pé ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe òkè. Bí ó bá rí ẹyìn tí ó já bọ́ nílẹ̀ yíká ìdí ọ̀pẹ, ó mọ̀ pé ìdì kan ti pọ́n lókè. Á gbé ọ̀pá náà nàró, á fi ìwọ̀ dòjé kọ́ ìdí imọ̀ tí ó wà lábẹ́ ìdì náà, níbi tí ó ti súnmọ́ igi jù lọ, kí kùkùté ọ̀wá má baà gùn kí ó sì máa gba ẹyìn tí ń já bọ́ dúró. Á já a sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wàì! Kí imọ̀ ẹlẹ́gùn-ún náà tó dé ilẹ̀, ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá kọ́ dòjé mọ́ ọrùn ìdì ẹyìn, èyí tí ó lè wọn kìlógíráàmù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí akọpẹ tí orí rẹ̀ pé tí yóò dúró sí abẹ́ rẹ̀. Imọ̀ tí ó gé kì í lọ sórí òrùlé ẹnikẹ́ni: wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á tò ó sáàárín ìlà ọ̀pẹ kí ó jẹrà di ajílẹ̀. Ó sì ní iye tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lórí igi, nǹkan bí ogójì imọ̀ lórí ọ̀pẹ tí ó ti dàgbà, nítorí pé ọ̀pẹ tí wọ́n fá lórí jù kì í so dáadáa.

Ọparun ni wàhálà irinṣẹ́ yìí. Bí ó bá ti gùn ni ó ń wúwo, bí ó bá sì ti ń wúwo ni ó ń tẹ̀, tí orí rẹ̀ á máa jó lókè nígbà tí ẹni tí ó dì í mú ń wá ìdí imọ̀. Ọ̀pá alumíníọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò rẹ̀ ní Màléṣíà ní àwọn ọdún 1980. Ó fúyẹ́, a lè fa ọ̀kan yọ láti inú èkejì bí ọ̀pẹ bá ga sí i, ṣùgbọ́n ó mú ewu kan wá tí ọparun gbígbẹ kò ní. Alumíníọ̀mù a máa gbé iná, òṣìṣẹ́ oko sì ti kú nígbà tí ọ̀pá wọn kan wáyà iná mànàmáná tí ó gba inú oko kọjá. Ìdí kan náà ló mú kí àwọn tí ń gé ẹ̀ka igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ní Amẹ́ríkà máa lo ọ̀pá fáíbà, tí òfin ibẹ̀ sì fi dandan lé e pé kí ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà jìnnà sí wáyà ní ó kéré tán nǹkan bí mítà mẹ́ta.

Lójú tèmi, ohun tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀pá náà ló wá ń pinnu ọjọ́ ikú ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ oko a máa fi nǹkan bí ìdajì mítà ga sí i lọ́dún. Bí ó bá ti di ọmọ ọdún 25 sí 30, orí rẹ̀ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ dòjé, ẹni tí ń lò ó kò lè rí ibi tí ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ dáadáa mọ́, iṣẹ́ kò sì yá. Igi náà ṣì ń so, ó ṣì lè so fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n wọn á wó o, wọn á sì gbin òmíràn. Igbà ni ì bá jẹ́ kí irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ di arúgbó. Nítorí ọ̀pá yìí náà ni àwọn onímọ̀ irúgbìn fi ń wá ọ̀pẹ tí kì í tètè ga, tí wọ́n sì mú irú kúkúrú kan tí a rí ní oko Elmina ní Selangor, tí wọ́n ń pè ní Dumpy, tí wọ́n fi ń bá àwọn mìíràn ṣe àdàlù. Ní ọ̀rúndún yìí, àjọ epo pupa ti Màléṣíà, MPOB, gbé Cantas jáde, ìyẹn dòjé orí ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì kékeré onípẹtiróòlù ń gbọ̀n ní ẹnu kí apá ènìyàn lè sinmi. Ó yá ju ọwọ́ lọ lórí ọ̀pẹ tí gíga rẹ̀ wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ọ̀pẹ bá ga jù, ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá pa pọ̀ á di ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e.

Oko ńlá ló mú dòjé náà padà wá sí ilẹ̀ tí ọ̀pẹ ti ṣẹ̀. Ibùdó ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí ìlú Bìní ní 1939, tí ó di NIFOR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti Nàìjíríà, ní 1964, ti ń fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn tí ó dára, àwọn ìjọba ẹkùn dá oko ọ̀pẹ sílẹ̀, Okomu sì bẹ̀rẹ̀ ní 1976 gẹ́gẹ́ bí oko àwòkọ́ṣe ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pẹ tí a gbìn ní ìlà ni gbogbo wọn, dòjé orí ọ̀pá ló sì bá wọn mu. Lọ́wọ́ àgbẹ̀ kékeré, irinṣẹ́ méjèèjì ṣì jọ ń gbé. Ọ̀pẹ àgíríìkì rẹ̀ tí kò tíì ga, dòjé ló fi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá wó ọ̀pẹ tí ó ti ga, yóò tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí èyí tí ó fi rọ́pò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, kò sì sí ẹni tí yóò bá a san owó ilé ìwé ọmọ láàárín àkókò náà. Nítorí náà, ó fi igi náà sílẹ̀, orí rẹ̀ sì kọjá ibi tí ọ̀pá mọ. Nígbà tí ẹyìn rẹ̀ bá pọ́n, ẹni tí ó mọ igbà lò ni ó ń ránṣẹ́ pè, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ náà kò pọ̀ mọ́.