Àwọn kòkòrò ara òdòdó inú ilé

Kòkòrò ara òdòdó inú ilé ni àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń fa omi ara ewé, igi tàbí gbòǹgbò òdòdó tí a gbìn sínú ìkòkò. Ní Abẹ́òkúta, fàráńdà, ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé ni wọ́n sábà ń gbé irú òdòdó bẹ́ẹ̀ sí: pèrègún, kroton, àbámọdá, aloe vera, àti efinrin inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí. Atẹ́gùn ìta ń dé ọ̀dọ̀ wọn, igi ìbẹ́pẹ àti ọgbà hibiscus kì í sì í jìnnà sí wọn. Nítorí náà, kòkòrò ẹ̀yìnkùlé náà ló ń di kòkòrò inú ilé. Nínú gbogbo wọn, mealybug ló ṣòro lé lọ jù.

Mealybug

Abo mealybug kò ní ìyẹ́. Ó kéré ju ìrẹsì lọ, ara rẹ̀ rọ̀, ìda funfun lẹ́búlẹ́bú ló sì fi bora, bí ẹni pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun láfún sí i lára. Bí a bá rọra fa ewé pèrègún sẹ́yìn, abíyá ewé náà, níbi tó ti so mọ́ igi, ni a ó ti bá wọn, tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ra. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò rò pé òwú ló há síbẹ̀. Òwú tòótọ́ kì í rìn. Bí a bá fi orí igi ìṣáná tọ́ ọ, tó sì ń fẹsẹ̀ tálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mealybug ni.

Inú àpò kan tó jọ òwú ni abo ń yé ẹyin sí. Planococcus citri, ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀ jù lórí òdòdó ilé káàkiri ayé, lè yé ẹyin tó ju 300 lọ. Àwọn ọmọ tó bá pa ló ń rá káàkiri wá ibi tí wọn yóò jókòó sí. Akọ ní ìyẹ́, àmọ́ kò ní ẹnu tí yóò fi jẹun, ọjọ́ díẹ̀ ló sì ń lò láyé.

Omi ara ewé tí wọ́n ń fà pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè lò lọ, wọ́n sì ń tọ ìyókù dà nù gẹ́gẹ́ bí omi dídùn. Ewé á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, fúngọ́ọ̀sì dúdú á sì hù lé e bí èédú ìdí ìkòkò. Èèrà fẹ́ràn omi yìí gidigidi. Ó ń lé àwọn ẹ̀dá tí ń pa mealybug jẹ dà nù, ó sì lè gbé àwọn ọmọ mealybug lọ sórí ewé mìíràn. Ẹni tó bá rí èèrà tó tò gun ìkòkò òdòdó, kó tẹ̀lé wọn: ibi tí wọ́n ń lọ ni kòkòrò wà.

Ẹbí yìí kan náà ló dá wàhálà ńlá sílẹ̀ fún àwọn olóko ẹ̀gẹ́. Phenacoccus manihoti, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, dé Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì ba oko jẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí onímọ̀ kòkòrò Hans Herren ti darí iṣẹ́ náà, mú agbọ́n kékeré kan wá láti Paraguay, Anagyrus lopezi, tó ń yé ẹyin sínú ara mealybug. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì borí kòkòrò náà. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ní nǹkan bí 2010, òmíràn, Paracoccus marginatus, tún fara hàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lórí ìbẹ́pẹ. Ó máa ń jẹ hibiscus náà, èyí tó mú kó súnmọ́ ilé.

Ìtọ́jú

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbé ìkòkò náà kúrò láàárín àwọn yòókù. Bí kòkòrò kò bá tíì pọ̀, a lè fi òwú tí a rì sínú sípíríìtì nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti pọ̀, omi ọṣẹ ni: ọṣẹ olómi ṣíbí ìpotíì 2 sínú omi lítà 1, kí wọ́n fọ́n ọn dé abẹ́ ewé àti abíyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú lè jó ewé.

Ọṣẹ dúdú yẹ fún àfiyèsí níhìn-ín. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, bíi ti èèpo kòkó, nítorí náà ọṣẹ pọ̀tásíọ̀mù ni, irú kan náà pẹ̀lú ọṣẹ apakòkòrò tí wọ́n ń tà fún òdòdó. Àmọ́ agbára eérú inú rẹ̀ kì í dọ́gba. Ó dára kí wọ́n dán an wò lára ewé kan, kí wọ́n dúró ọjọ́ 2 kí wọ́n tó lò ó fún gbogbo rẹ̀.

Kòkòrò tí omi ọṣẹ bá kàn nìkan ló ń kú. Bó bá ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ẹyin inú àpò tó jọ òwú sì sábà máa ń yè é. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tún un ṣe ní ọjọ́ 7-7 fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí, nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni òdòdó máa ń dà bí èyí tó ti mọ́.

Òróró kóró dóńgóyárò ní azadirachtin, èyí tí kì í jẹ́ kí kòkòrò bọ́ awọ dàgbà. Ó pọ̀ nínú kóró ju inú ewé lọ. Fún èèrà, wọ́n lè gbé ìkòkò sórí òkúta nínú abọ́ omi, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Bí òdòdó bá ń rọ láìsí kòkòrò lókè, kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò wò: irú mealybug kan ń gbé ara gbòǹgbò. Kí wọ́n fọ gbòǹgbò náà, kí wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ àtijọ́ nù.

Ọ̀tápíápíá, tí dichlorvos wà nínú rẹ̀, kò yẹ lára òdòdó inú ilé. Èémí rẹ̀ léwu fún ènìyàn. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títà dichlorvos nínú ìgò kékeré.

Àwọn mìíràn

Spider mite kì í ṣe kòkòrò ní ti gidi. Ẹsẹ̀ 8 ló ní bíi aláǹtakùn. Ìgbà ọyẹ́ ló ń gbilẹ̀. Ewé á kún fún àmì funfun tíntìntín, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á sì ta sí abẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbọn ewé sórí pépà funfun, a ó rí wọn tí wọ́n ń rìn. Fífi omi fọ abẹ́ ewé léraléra ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Aphid, kòkòrò kékeré mìíràn tí ń fa omi ara ewé, máa ń pọ̀ sórí ọ̀mùnú ewé, eṣinṣin funfun sì ń fò sókè bí a bá mi ewé. Omi ọṣẹ ká àwọn méjèèjì. Kòkòrò eléèpo líle ni kí wọ́n fi èékánná ha kúrò. Bí kantíkantí bá ń fò lórí yẹ̀pẹ̀ ìkòkò, omi ti pọ̀ jù. Kí wọ́n jẹ́ kí òkè yẹ̀pẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó tún bomi rin ín.