Èló Ni Ká Ra Aaron Judge?

Ẹni tó bá ń ṣe Fantasy Premier League mọ̀ pé iye owó Haaland ti wà nílẹ̀ kóun tó débẹ̀, gbogbo ayé ló sì lè jọ rà á. Fantasy bésíbọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi gbàǹjo ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò mú Aaron Judge, gbajúmọ̀ alubọ́ọ̀lù ikọ̀ Yankees, lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ lẹ ó sì fẹnu ara yín dá owó lé e. Bó bá ti di oṣù kẹta, “èló ni kí n ra lágbájá?” ni mò ń gbọ́ lọ́tùn-ún lósì.

Ká kọ́kọ́ ka owó tó wà nínú yàrá. Líìgì tó wọ́pọ̀ máa ń ní olùdíje 12. Dọ́là 260 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, yóò sì fi ra agbábọ́ọ̀lù 23: alubọ́ọ̀lù 14, ajubọ́ọ̀lù 9. Ẹnikẹ́ni ò sì lè wálẹ̀ ju dọ́là kan lọ. Gbogbo owó jẹ́ 3,120, gbogbo ẹni tí a ó rà jẹ́ 276. Ẹ yọ dọ́là kọ̀ọ̀kan fún wọn, ó ku 2,844. Owó tí a ń jà sí gan-an nìyẹn, ohun tó sì ń rà ni bí agbábọ́ọ̀lù kan ṣe fi ju ẹni tí ẹ ó rí mú ní dọ́là kan nígbà tí ọjà bá ń tú.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí alubọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n jọ lu home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù kọjá ògiri pápá) 20, wọ́n á ní owó kan náà ló tọ́ sí wọn. Àmọ́ ọ̀kan jẹ́ catcher, ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn alubọ́ọ̀lù. Èkejì ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá. Catcher méjì ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan nílò, ó di 24 fún gbogbo yín. Ẹgbẹ́ 30 péré ló wà ní Major League, líìgì àgbà bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìlóṣòó yẹn kì í sì í jẹ́ kí catcher gbá lójoojúmọ́. Kẹ́ ẹ tó dé orí ẹni kẹrìnlélógún, ẹni tó ń jókòó ní bẹ́ǹṣì lọ́pọ̀ ìgbà lẹ ń rà. Ẹni ẹ̀yìn pápá ńkọ́? Márùn-ún márùn-ún, ó di 60, bẹ́ẹ̀ àyè 90 ló wà fún wọn lójoojúmọ́, mẹ́ta fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni ọgọ́ta ṣì ń gbá déédéé. Èmi á fi dọ́là mélòó kan kún ti catcher yẹn láìwojú ẹnikẹ́ni.

Bí òfin eré bá yí, iye owó náà gbọ́dọ̀ yí. Ní 2023, wọ́n fẹ béèsì, ibi tí ẹni tó ń sáré ń fẹsẹ̀ lé, láti ínǹṣì 15 sí 18, wọ́n sì dín iye ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù lè yíjú ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ sáré kù. Béèsì tí wọ́n jí, ìyẹn èyí tí wọ́n sáré gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lu bọ́ọ̀lù, fò láti 2,486 ní 2022 sí 3,503. Ronald Acuña Jr. nìkan jí 73. Ẹni tó ń jí 20, tí wọ́n ń jìjàdù lé lórí tẹ́lẹ̀, ti wá pọ̀ lọ́jà. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn tó ń ná owó ayé àtijọ́ lórí rẹ̀.

Judge wá ńkọ́? Ó lu home run 62 ní 2022, ó lu 58 ní 2024. Ní 2023 tó wà láàárín, ó ya lu ògiri pápá ikọ̀ Dodgers níbi tó ti ń lé bọ́ọ̀lù, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fara pa, eré 106 ló rí gbá nínú 162. Síbẹ̀, ó lu 37. Bí ìṣirò yín bá sọ pé dọ́là 45 ló tọ́ sí i, tí owó sì dé 47, ẹ rà á. Dọ́là méjì kì í ba ikọ̀ jẹ́.

Ohun tó ń bà á jẹ́ nìyí. Ẹ ti ra ẹni 8 ní dọ́là 215, ó ku 45 fún àyè 15. Ẹ gbọ́dọ̀ fi dọ́là kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún àyè 14, nítorí náà 31 lẹ lè dá lé ẹnì kan mọ. Bẹ́ ẹ bá ná an tán, ẹnu yín ti pa. Ẹni yòówù tẹ́ ẹ bá pè ní dọ́là kan, ẹni tó bá sọ pé méjì á gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ ó kàn máa wò ó ni. Nítorí èyí, èmi kì í ra ju ìràwọ̀ méjì lọ.

Bí líìgì yín bá ń gba ara yín láyè láti dá agbábọ́ọ̀lù èṣí dúró, ẹ tún ìṣirò ṣe. Ká ní àwọn tí wọ́n dá dúró tó dọ́là 900, tí owó tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn sì jẹ́ 600. Ẹ yọ 600 nínú 3,120, owó tó kù jẹ́ 2,520; ẹ yọ 900, ọjà tó kù jẹ́ 2,220. Ẹni dọ́là 30 ti di 34 nìyẹn.

Bó bá kàn yín láti pe orúkọ ẹni tí a ó dá owó lé, ẹ má tètè pe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ pe closer (ajubọ́ọ̀lù tó ń wá parí eré) olókìkí tẹ́ ẹ ò nílò, kí àwọn yòókù náwó sí i. Àmọ́ bí gbogbo yàrá bá dákẹ́, tiyín ni. Ẹ má fi owó tẹ́ ẹ ò lè san tọkàntọkàn pè é.