Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ń mọ ìrora, àmọ́ mọ́fíìnì kì í ṣe oògùn gbogbo ìrora

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọmọ tí a bí láìpé oṣù kò tíì mọ ìrora. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò tíì gbó, pé bó tilẹ̀ sunkún nígbà tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kò ní í rántí. Kì í ṣe àwọn ìyá àgbà nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ dókítà ló gbà á gbọ́ títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Lọ́dún 1985, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ kan tí oṣù rẹ̀ kò pé, Jeffrey Lawson, láti dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó wà lẹ́bàá ọkàn rẹ̀. Oògùn tí kò ní í jẹ́ kó lè mira ni wọ́n fún un. Wọn kò fún un ní oògùn ìrora. Ọmọ náà kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Jill Lawson, gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe, kò dákẹ́. Òun ló jẹ́ kí aráyé mọ̀. Ó dùn mí pé ọmọ tí kò lè ké ni wọ́n fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ.

Lọ́dún 1987, dókítà Kanwaljeet Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí wọn jáde. Irú iṣẹ́ abẹ yìí kan náà ni. Ìnira kò pọ̀ lára àwọn ọmọ tó gba fentanyl, oògùn ìrora líle kan tó jẹ́ ẹbí mọ́fíìnì, wàhálà tó sì bá wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò tó ti àwọn tí kò gbà á. Láti ìgbà yẹn ni fífún ọmọ tuntun ní oògùn ìrora fún iṣẹ́ abẹ ti di dandan.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì ti wọlé: àwọn kan wá rò pé bí mọ́fíìnì ṣe dára fún iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló dára fún gbogbo abẹ́rẹ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń yí mọ́fíìnì padà kí ara tó lè tọ̀ ọ́ dànù, ẹ̀dọ̀ ọmọ yìí kò sì tíì mọ iṣẹ́ náà ṣe dáadáa. Lára àgbàlagbà, ìdajì rẹ̀ ti lọ láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ó lè tó wákàtí mẹ́sàn-án. Oògùn yìí ń dín èémí kù, ó sì ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa ń gbàgbé láti mí.

Lọ́dún 2004, ìwádìí kan lórí ọmọ 898 tí ẹ̀rọ ń bá mí fi hàn pé sísọ mọ́fíìnì sí wọn lára láìdúró kò dín ikú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ọpọlọ kù. Lọ́dún 2018, ní Oxford kan náà, wọ́n fi mọ́fíìnì sẹ́nu àwọn ọmọ kí wọ́n tó yẹ ojú wọn wò, kí wọ́n sì tó gún wọn ní gìgísẹ̀. Èémí àwọn kan dàrú, ìrora kò sì dín kù. Ọmọ 31 péré ni wọ́n tíì gbà wọlé tí wọ́n fi dá ìwádìí náà dúró.

Fún abẹ́rẹ́ kékeré, ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ọmú, tàbí kí nọ́ọ̀sì tọ́ omi ṣúgà díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e sáyà, ara kan ara. Bí wọ́n bá rọra ká ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, tí wọ́n dì í mú, ara máa ń rọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ má bẹ̀rù pé oògùn náà yóò sọ ọmọ di ajoògùnyó. Bó bá pẹ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ lè ti mọ́ ọn, dókítà á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹ ó bi wọ́n ni irú oògùn ìrora tí wọn yóò fún un, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ èémí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ìyá tó ń fọ́mú fọ́mọ náà kò gbọdọ̀ lo oògùn ìrora bíi codeine tàbí tramadol láìbi dókítà, torí àwọn méjèèjì ń gba inú ọmú dé ara ọmọ.